Nọ́ńbà 349: Bí Ìdérí Mínírà Ṣe Dá Ìgboro Rú

Orí ìdérí fúnra rẹ̀ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìdérí mínírà inú ìgò, irin pẹlẹbẹ tí etí rẹ̀ rí ṣáṣá bí eyín ayùn, tí rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Mushin, bí iléeṣẹ́ mínírà bá ti ń ṣe prómò, ìyá tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà wa kì í ju ìdérí kankan nù. Àwa ọmọdé la máa ń dù ú gbà. A ó jókòó sórí páálí, a ó fi ìṣó ha rọ́bà náà títí yóò fi ṣí, a ó wá gbé e sí oòrùn ká lè rí ohun tí wọ́n tẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti pín kẹ̀kẹ́ tí a ò tíì jẹ: ìgbà wo ni òun máa gùn ún, ìgbà wo ni èmi máa gùn ún. Kẹ̀kẹ́ ò wá. Ṣùgbọ́n mo rántí bí ojú rẹ̀ ṣe máa ń rí kí rọ́bà yẹn tó ṣí.

Iṣẹ́ ìpolówó ni mò ń ṣe ní Èkó báyìí, èmi náà sì ti wà lára àwọn tó ń kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ ìdérí. Ìdí nìyí tí ìṣẹ̀lẹ̀ kan tó wáyé ní orílẹ̀-èdè Philippines ní 1992 kò fi kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ nípa rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ iléeṣẹ́ tó ni prómò náà. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì ti mu ọjà wọn lónìí pàápàá. Ohun tí mo fẹ́ kí àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ yìí bá mi wò ni bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rìn, láti ọjọ́ tí gbogbo nǹkan ń dùn títí dé ọjọ́ tí wọ́n ń sin òkú.

Bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀

Amẹ́ríkà ni orírun iléeṣẹ́ mínírà yìí. Ní Philippines, ọjà wọn wà lẹ́yìn ti abánidíje wọn, ó sì wà lẹ́yìn gan-an. Nínú oṣù kejì ọdún 1992 ni wọ́n gbé prómò kan jáde níbẹ̀ tó ti ṣe wọ́n láǹfààní láwọn ilẹ̀ mìíràn. Wọ́n tẹ nọ́ńbà sínú ìdérí oríṣi mínírà mẹ́rin tí wọ́n ń tà, láti 001 dé 999. Lálaalẹ́, wọ́n á pe nọ́ńbà tó jẹ lórí tẹlifíṣọ̀n lásìkò ìròyìn. Ẹni tí ìdérí rẹ̀ bá bá a mu lè gba 100 peso, ó sì lè gba mílíọ̀nù kan peso.

Mílíọ̀nù kan peso nígbà náà tó nǹkan bí 40,000 dọ́là. Ìlọ́po 611 ni lórí owó tí òṣìṣẹ́ kan ń gbà lóṣù. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ lọ́nà tó máa yé wa: kí òṣìṣẹ́ tó lè kó iye yẹn jọ láì jẹun, láì sanwó ilé, ó máa ṣiṣẹ́ fún àádọ́ta ọdún. Ìgò mínírà kan péré ni wọ́n ní kó rà.

Ìlú gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Iye ọjà tí iléeṣẹ́ náà ń tà lóṣù fò láti mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là sí mílíọ̀nù mẹ́rìnlá. Ìpín wọn nínú ọjà mínírà kúrò ní ìdá 19.4 nínú ọgọ́rùn-ún, ó di 24.9. Nígbà tó fi di oṣù karùn-ún, ènìyàn 51,000 ti gba ẹ̀bùn kéékèèké, ènìyàn 17 sì ti gba mílíọ̀nù. Àwọn 17 yìí ló mú kí ọ̀rọ̀ náà wọ àwọn yòókù lára, torí pé wọ́n gba owó náà lóòótọ́, àwọn aládùúgbò wọn sì rí i.

Ibì kan wà nínú ètò náà tí ojú ará ìlú kò tó. Lójú ẹni tó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n ń yan nọ́ńbà. Wọ́n ti yàn wọ́n tán kí prómò tó bẹ̀rẹ̀. Iléeṣẹ́ kan láti Mexico ni wọ́n gbé iṣẹ́ yíyàn náà fún, wọ́n sì ti àkọsílẹ̀ rẹ̀ mọ́ inú àpótí ní ilé ìfowópamọ́ ní Manila, olú-ìlú Philippines. Ó ní ìdí. Nọ́ńbà tó máa gba owó ńlá, ìdérí bíńtín ni wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ sí. Èyí tí kò ní jẹ nǹkan kan ni wọ́n ń tẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Ìdérí tó bá máa gba owó ńlá tún ní àmì ààbò kékeré kan lára, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé ayédèrú wá. Ẹni tó bá ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí mọ̀ pé kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ṣùgbọ́n ètò náà dúró lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo: nọ́ńbà tí wọ́n bá ti tẹ̀ lọ́pọ̀ pé kò jẹ kò gbọdọ̀ padà wá di èyí tó jẹ.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí wọ́n fi kún un

Ọjọ́ kẹjọ oṣù karùn-ún ló yẹ kí prómò náà parí. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá oníbàárà, ìyẹn iléeṣẹ́ tó gbé iṣẹ́ ìpolówó fún wa, jókòó rí nígbà tí ọjà ń tà, ẹ mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Ta ló máa dìde láàárín ìpàdé kó ní ká dá a dúró? Wọ́n fi ọ̀sẹ̀ márùn-ún kún un. Bí ọ̀sẹ̀ bá sì pọ̀ sí i, a nílò nọ́ńbà tuntun tó máa jẹ.

Ọ̀pọ̀ tó ń sọ ìtàn yìí máa ń sáré lọ síbi iná àti ariwo. Èmi fẹ́ kí a dúró ní ọ́fíìsì níhìn-ín díẹ̀, nítorí ìdákẹ́jẹ́ ni àṣìṣe náà fi wọlé. Nọ́ńbà 349 ti wà nínú ìdérí 800,000 tí wọ́n ti tẹ̀ ṣáájú, tí wọn kò ní àmì ààbò tó yẹ lára. Àwọn ìdérí náà ti jáde lọ. Wọ́n wà ní ìsọ̀, wọ́n wà nínú dúrọ́ọ̀ nílé, wọ́n wà nínú àpò ṣòkòtò ọmọdé. Nígbà tí àkọsílẹ̀ nọ́ńbà ọ̀sẹ̀ tuntun wá jáde, 349 wà nínú rẹ̀, mílíọ̀nù kan peso ni wọ́n sì kọ síwájú rẹ̀. Ìdérí méjì péré ni wọ́n ṣe fún owó yẹn. Ó hàn gbangba pé kò sẹ́ni tó gbé ìwé ìtẹ̀wé àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọsílẹ̀ tuntun kó fi ìka tẹ̀ lé e ní ìlà-ìlà. Wọ́n ti pè é ní àfikún, bó ṣe di ohun tí a ò yẹ̀ wò nìyẹn. Ní tòótọ́, prómò mìíràn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, lórí ìdérí ti àkọ́kọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún, tẹlifíṣọ̀n pe 349.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ìdérí 800,000, mílíọ̀nù kan peso fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó di 800 bílíọ̀nù peso, ìyẹn nǹkan bíi bílíọ̀nù 32 dọ́là. Gbogbo ẹ̀bùn tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún prómò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù méjì dọ́là.

Láàárín alẹ́ ọjọ́ náà sí ìdájí ọjọ́ kẹta

Wákàtí díẹ̀ yìí ni mo kà sí oríta ọ̀rọ̀ náà. Títí di alẹ́ yẹn, àṣìṣe ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ló di ìrẹ́jẹ lójú ará ìlú, mi ò sì lè dá wọn lẹ́bi.

Ẹ fojú inú wo ẹni tó ní ìdérí 349 lọ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹlòmíràn ní ju ẹyọ kan lọ. Ó ti san gbèsè lọ́kàn, ó ti kọ́ ilé lọ́kàn, ó ti fi ọmọ sí yunifásítì. Kò mọ̀ pé 800,000 ìdérí bẹ́ẹ̀ ló wà níta; ó rò pé òun nìkan ni, tàbí òun àti ẹlòmíràn kan. Ilẹ̀ ń mọ́, ó gba ẹnu géètì iléeṣẹ́ náà lọ láti gba owó rẹ̀, ó wá bá èrò bí ọjọ́ ọdún. Ohun tí wọ́n ń sọ fún wọn ni pé ìdérí ọwọ́ wọn kò ní àmì ààbò tó yẹ. Ó ra ìwé ìròyìn òwúrọ̀, ó bá a nínú rẹ̀ pé nọ́ńbà tó jẹ ni 134.

Ẹyin lọ̀rọ̀. Tẹlifíṣọ̀n ti pè é, ìlú ti gbọ́ ọ, wọ́n wá fẹ́ kó o padà sẹ́nu mọ́jú. Èrò wo ló kù tí tálákà máa rò, ju pé wọ́n rí i pé irú àwa la jẹ ni wọ́n ṣe pa nọ́ńbà dà? Àmì ààbò tí wọ́n ń tọ́ka sí, iléeṣẹ́ ló mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Nọ́ńbà ni wọ́n ti fi oṣù mẹ́ta kọ́ ará ìlú láti máa wò. Nọ́ńbà náà ni ariwo ìpolówó gbé síwájú ìyá ọlọ́jà.

Ní aago mẹ́ta ààbọ̀ ìdájí ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, àwọn ọ̀gá ṣe ìpàdé pàjáwìrì. Wọ́n pinnu pé ẹni tó bá mú ìdérí 349 wá máa gba 500 peso, wọ́n sì sọ pé inú rere làwọn fi ṣe é. 500 peso kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù kan.

Ènìyàn 486,170 gbà á. Ó ná iléeṣẹ́ náà tó 240 mílíọ̀nù peso, nǹkan bíi mílíọ̀nù 8.9 dọ́là, ó lé ní ìlọ́po mẹ́rin gbogbo owó ẹ̀bùn tí wọ́n ti ṣètò. Nítorí náà, a ò lè sọ pé wọn ò náwó. Wọ́n ná an, owó gidi ni, síbẹ̀ ìbínú kò rọlẹ̀. Mo ti ro ó títí, ibi tí mo sì ń padà sí ni ọ̀rọ̀ inú rere yẹn. Ẹni tó jẹ ọ́ lówó, tó wá mú díẹ̀ wá, tó ní kí o kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó ti bú ọ. Bí wọ́n bá ti jáde lálẹ́ ọjọ́ kìíní, kí ọ̀gá tó ga jùlọ níbẹ̀ dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n kan náà tó pe 349, kó sọ pé, “Àwa la ṣe àṣìṣe yìí. Ìdérí yín kì í ṣe ayédèrú. Gbogbo owó tí ilé wa ní ò lè san án, ẹ jẹ́ ká jọ jókòó sọ ohun tó ṣeé ṣe,” mi ò sọ pé kò sẹ́ni tó máa bínú. Ṣùgbọ́n ìbínú sí ẹni tó jẹ́wọ́ àti ìbínú sí ẹni tó fẹ́ fi ọgbọ́n gbé ọ, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Àwọn tó fara gbá a

Àwọn tó kọ 500 peso kóra jọ di ẹgbẹ́. Wọ́n ṣe ìwọ́de, wọ́n ní kí ará ìlú má ra ọjà náà mọ́. Lẹ́yìn náà ló wá kọjá ìwọ́de. Ọkọ̀ akẹ́rù iléeṣẹ́ náà tó 37 ni wọ́n dojú dé, ni wọ́n sọ lókùúta, tàbí ni wọ́n dáná sun. Àwọn ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀ṣọ́ rìn.

Awakọ̀ kò ní ẹ̀ṣọ́. Ní oṣù kejì 1993, wọ́n ju bọ́ǹbù àfọwọ́jù lu ọkọ̀ iléeṣẹ́ náà kan ní Manila. Bọ́ǹbù náà ta padà, ó pa olùkọ́ kan àti ọmọdé kan tó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn, wọ́n ju òmíràn sínú ilé ìkẹ́rùsí wọn ní Davao, òṣìṣẹ́ mẹ́ta kú. Ènìyàn márùn-ún, ó kéré tán, nítorí ìdérí mínírà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń yan nọ́ńbà, kò sí ọ̀kan tó wà nínú ìpàdé tí wọ́n ti fi ọ̀sẹ̀ márùn-ún kún un. Ọmọ ọdún márùn-ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sáré kọjá ibẹ̀ bí ẹni pé ọ̀kan lára àwọn nọ́ńbà inú ìtàn yìí ni.

Ẹjọ́ náà gùn. Àwọn tó tó 22,000 ló gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé-ẹjọ́. Ẹjọ́ tí wọ́n ti ń béèrè owó lé ní 680, ẹ̀sùn ọ̀daràn tó 5,200. Ìgbìmọ̀ kan ní ilé aṣòfin àgbà sọ pé àìbìkítà tó burú jáì ni iléeṣẹ́ náà hù. Ìjọba bu owó ìtanràn 150,000 peso lé wọn. Ní 1996, ilé-ẹjọ́ kan ní kí wọ́n san 10,000 peso gbà-má-bìínú fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn olùpẹ̀jọ́ tó wà níwájú rẹ̀. Ní 2001 ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ ọ́ di 30,000 fún àwọn tó gbé ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní 2006, ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn alẹ́ ọjọ́ yẹn, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ dá iléeṣẹ́ náà láre pé kò jẹ ẹnikẹ́ni lówó ìdérí yẹn.

Ohun tí ará ìlú gbọ́

Mo mọ àwọn tí wọ́n máa ka ìdájọ́ 2006 yẹn tí wọ́n á mí kanlẹ̀: ìwé òfin prómò náà dúró. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ewu iṣẹ́ wa wà. Lọ́yà ló ń kọ òfin prómò, àwa là ń kọ ìpolówó, ìpolówó sì ni ará ìlú ń gbọ́. A máa ń fi lẹ́tà gàgàrà kọ mílíọ̀nù, a ó fi lẹ́tà tó dà bí èèrà kọ àwọn òfin sí ìsàlẹ̀, a ó wá ka lẹ́tà èèrà sí àdéhùn lọ́jọ́ tí nǹkan bá dàrú. Ẹni tó ra ọjà náà ti gba àdéhùn tirẹ̀ láti orí tẹlifíṣọ̀n. Ohun tó gbọ́ ni a jẹ ẹ́.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ lójú mi rí. Àwọn ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, iléeṣẹ́ kan tí a bá ṣiṣẹ́ ní Èkó, tí mi ò ní dárúkọ, fi àtẹ̀jíṣẹ́ ìkíni-kú-oríire ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn ènìyàn tó pọ̀ ju iye ẹ̀bùn tó wà nílẹ̀ lọ. Ọkùnrin kan wá láti Ìkòròdú pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ó wọ agbádá. Ó di fóònù rẹ̀ sínú ọ̀rá kí òjò má baà pa àtẹ̀jíṣẹ́ náà rẹ́, bí ẹni pé orí ìwé ni wọ́n kọ ọ́ sí. Èmi wà lókè, mò ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé, nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ń ṣàlàyé fún un pé kó ka àwọn òfin prómò. Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ tó wà lórí fóònù rẹ̀. Mi ò sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni nínú wa má sọ̀ kalẹ̀, torí pé bí a bá ti bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, a ti gbà pé a jẹ̀bi. Wákàtí méjì ló dúró kó tó mú ìyàwó rẹ̀ lọ.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti yí bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ padà, ìtàn ìdérí yìí sì wà lára ohun tó tọ́ mi sọ́nà. Kí n tó kọ ọ̀rọ̀ kankan fún prómò, mo máa ń béèrè lọ́wọ́ oníbàárà iye tó máa san bí gbogbo ohun tí wọ́n tẹ̀ bá jẹ lọ́jọ́ kan. Wọ́n máa ń ní kò lè ṣẹlẹ̀ láéláé. Mo máa ń ní ká kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí nọ́ńbà yẹn bá ti ju ohun tí iléeṣẹ́ náà ní lọ, ẹ̀bùn náà ti tóbi jù fún iṣẹ́ ìtẹ̀wé tí a fẹ́ gbé e lé lórí, ká dín in kù tàbí ká wá ọ̀nà mìíràn. Mo tún máa ń béèrè ta ló máa jáde lọ sí géètì láàárín wákàtí kìíní bí àṣìṣe bá wà, orúkọ rẹ̀ gan-an, kó má jẹ́ ẹ̀ṣọ́, kó má jẹ́ awakọ̀. Ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìpolówó wò lábẹ́ ARCON, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìpolówó ní Nàìjíríà, lè bá wa wo ọ̀rọ̀ tó wà lórí ìpolówó. Ìbéèrè géètì yìí, àwa fúnra wa la gbọ́dọ̀ bi ara wa. Àmì tó bá máa sọ bóyá ìdérí jẹ tàbí kò jẹ, mo fẹ́ kó wà nínú ìpolówó pẹ̀lú lẹ́tà kan náà tí a fi kọ owó. Bí oníbàárà bá ní ìyẹn máa ba ẹwà ìpolówó náà jẹ́, a jẹ́ pé òun náà mọ̀ pé ará ìlú kò ní gbọ́ ọ.

Àfikún ọjọ́ ni wọ́n máa ń bá mi jà lé lórí jùlọ. Nínú prómò tí a ṣe kẹ́yìn, ọjà ń lọ, oníbàárà fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ méjì kún un. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ kó gbogbo ìwé ìtẹ̀wé wá, láti ọjọ́ kìíní, ká fi àkọsílẹ̀ tuntun wé e ní ìlà-ìlà. Ọjọ́ mẹ́rin ló gbà. Mánéjà ọjà wọn pè mí lórí fóònù ní ìgbà mẹ́ta lójoojúmọ́, ó ní mò ń fi owó òun ṣòfò. Àwa mẹ́ta la jókòó tì í, a pa fóònù, a ń ka nọ́ńbà síra wa létí títí ojú fi ń pọ́n wa. A ò rí nǹkan kan. Gbogbo rẹ̀ ló mọ́. Ó bi mí lẹ́yìn náà pé kí ni èrè ọjọ́ mẹ́rin yẹn, mo sì sọ fún un pé bí a bá tún fẹ́ fi ọjọ́ kún un lọ́dún tó ń bọ̀, kó tètè fi ọjọ́ mẹ́rin sílẹ̀ fún mi.